Kí Ló Ń Kùn Nínú Gìtá Jẹ́jẹ́?

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni fóònù Jẹ́jẹ́ dún, nígbà tó ń fá irùngbọ̀n oníbàárà kan lọ́wọ́. Onígbàjámọ̀ ni Jẹ́jẹ́, àdúgbò ló sì fún un lórúkọ yẹn nítorí pé kì í kánjú. Bó bá ń gẹrun, wàá rò pé orí ẹyin ni kílípà rẹ̀ ń rìn. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó sórí àga rẹ̀ láàárọ̀, àfi kó kọ́kọ́ jẹun yó, kó sì dágbére fáwọn ará ilé.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń pè. Tíṣà ni obìnrin yìí, ìlú míì ló ń gbé, ohùn rẹ̀ sì dùn débi pé bó bá ń bá ọmọ kíláàsì wí, ọmọ náà á fẹ́ kó tún un wí.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún mi."

Jẹ́jẹ́ yára gbé abẹ tọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́rùn oníbàárà. "Iṣẹ́ abẹ kẹ̀? Níbo?"

"Ọ̀nà ọ̀fun. Kókó kékeré kan ló yọ síbi tí ohùn ti ń jáde. Dókítà ní kì í ṣe èyí tó ń pààyàn. Àmọ́ ó ní òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohùn tí mo bá gbé wọlé náà ni màá gbé jáde."

Jẹ́jẹ́ gbé abẹ náà kalẹ̀. Láti kékeré làwọn méjèèjì ti jọ ń ṣeré: òun á máa ta gìtá, àbúrò rẹ̀ á máa kọrin, ìyá wọn á máa lé wọn lọ sẹ́yìnkùlé. Orin kan wà tí wọ́n jọ ṣẹ̀dá rẹ̀ nígbà yẹn, tí ẹnikẹ́ni ò gbà sílẹ̀ rí. Àbúrò rẹ̀ ní òun ti gba ohùn tòun sílẹ̀, òun sì ti fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Gìtá ló kù.

"Ẹ bá mi ta á sí i, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ kí Sọ́ńdè tó tán. Mo fẹ́ gbọ́ ọ kí n tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ."

"Ṣé torí ìyẹn náà lo ṣe ń bẹ ẹ̀gbọ́n ẹ?" Jẹ́jẹ́ dáhùn. "Kílẹ̀ òní tó ṣú, wàá ti rí i gbà."

Ọkùnrin orí àga na ọrùn síbi fóònù, ó ké tantan: "Ẹ má gbà á gbọ́ o! Wákàtí kan rèé tó ti ń fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, apá kan ló ṣì fá!"

Nígbà tí Jẹ́jẹ́ délé, ó gbé kọ̀ǹpútà tí ọmọbìnrin rẹ̀ fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ síbi iṣẹ́ tuntun jáde, pẹ̀lú àpótí kan tí kò ju páálí ọṣẹ lọ. Bí wọ́n ṣe ń lò ó ò le: wáyà gìtá á wọ ojú kan lára àpótí, wáyà míì á ti ibẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì gba ohùn gìtá sílẹ̀. Gìtá oníná ni tirẹ̀, ó sì ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé ọ̀dà ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó tán.

Ó pe ará ilé jọ sí pálọ̀. Méjì péré ni wọ́n: ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti ìyá ìyàwó rẹ̀, ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ méjì lòun fẹ́ wá lò, tó sì ti lo oṣù mọ́kànlá.

"Mo fẹ́ gba orin sílẹ̀," ó ní. "Kẹ́nikẹ́ni má wúkọ́. Kẹ́nikẹ́ni má wọ bàtà. Kẹ́nikẹ́ni má ṣí omi ẹ̀rọ."

"Ṣé a lè mí?" ìyá ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Ẹ mí, Màmá. Àmọ́ ẹ rọra mí."

Ó wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn, ó fi íapíìsì sétí, ó tẹ bọ́tìnnì pupa tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Ó wá dijú, ó sì ta orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dùn mọ́ ọn débi pé omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ pé kóun gbọ́, gìtá ń dún fínrín-fínrín lókèèrè, bí ìgbà tí wọ́n ń ta á nílé kẹta. Lórí gìtá náà ni ohùn ìyàwó rẹ̀ ti jáde, ó yéni yékéyéké:

"Màmá, ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ o. Ó jọ pé ó ṣì ń tún okùn ẹ̀ ṣe."

"Rárá o. Orin ọ̀hún nìyẹn."

"Háà," ìyá àgbà ní. "Olúwa á bá a ṣe é."

Jẹ́jẹ́ jókòó, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tí wọ́n bú níta gbangba. Ẹ̀yìn ìgbà tó ti wá ìwé pélébé tó bá àpótí náà wá, tó sì kà á látòkè délẹ̀, ló tó yé e. Kọ̀ǹpútà ní etí tirẹ̀, ihò kan tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, lókè ojú rẹ̀. Ihò yẹn ló fi ń gbọ́ gbogbo ilé. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé àpótí kan wà láyé, nítorí pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún un. Jẹ́jẹ́ wá ibi tí wọ́n ti ń yàn án, ó yan orúkọ àpótí náà, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Gìtá wọlé dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Àmọ́ ohùn rẹ̀ kì í bá ọwọ́ dé. Bí Jẹ́jẹ́ bá ta okùn, ohùn náà á kọ́kọ́ yà sínú kọ̀ǹpútà, á kí wọn níbẹ̀, kó tó rántí wá sétí ẹni tó rán an níṣẹ́. Jẹ́jẹ́ rò pé òun ló ń yá jù. Ó rọra dúró de ohùn náà. Ohùn náà rọra dúró dè é. Ó tún fà sẹ́yìn. Òun náà fà sẹ́yìn. Àbúrò rẹ̀ ti kọrin dé ẹsẹ kẹta, Jẹ́jẹ́ ṣì wà ní ẹsẹ kìíní, tó ń ṣe "lọ ná, èmi náà ń bọ̀" pẹ̀lú gìtá ara rẹ̀. Ó tún di ọ̀rọ̀ ìwé pélébé. Bọ́tìnnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tó máa ń jẹ́ kéèyàn gbọ́ gìtá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó tó wọ kọ̀ǹpútà rárá. Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn àti ọwọ́ wá ń rìn pọ̀ bí ọkọ àti ìyàwó.

Ìgbà yẹn ló wá gbọ́ ohun tó ń kùn.

Hùùùùù. Ó dà bí oyin tí wọ́n dé mọ́nú agolo. Bó bá ń ta gìtá, á fara pamọ́ sábẹ́ orin. Bó bá ti dákẹ́ díẹ̀ báyìí, á yọrí jáde. Orin náà sì kún fún ìdákẹ́jẹ́, nítorí pé bí wọ́n ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀ nìyẹn: gìtá á sọ̀rọ̀, á dákẹ́, ohùn á dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Jẹ́jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán, ó wá dojú kọ ilé. Ó pa fáànù, ó ń kùn. Ó pa tẹlifíṣọ̀n nígbà tí ìyá ìyàwó rẹ̀ ń wo eré, ó ń kùn. Ó yọ ẹ̀rọ ìlọṣọ, ó yọ fíríìjì, ó yọ gbogbo gílóòbù lókè, ó tún yọ bátìrì aago ara ògiri kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aago náà ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele. Ìyàwó rẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, ó bá ilé dúdú, ó tẹ omi yìnyín tó ti ṣàn jáde látinú fíríìjì, ó sì yọ̀ láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì dé ìdí àga.

"Dádì!" ó ké látilẹ̀. "Ṣé wọ́n já iná wa ni?"

"Wọn ò já a. Èmi ni mo pa á. Mò ń wá ohun tó ń kùn."

"Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohun tó ń kùn," ìyàwó rẹ̀ ní, "ẹ wá síbí."

Lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀rọ̀ náà ti dé ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kan sì sọ pé òun á bá a yanjú rẹ̀. Mo-mọ̀-ọ́n ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà, àmọ́ kò sí iṣẹ́ tí kò ṣe rí láyé, bí kò tiẹ̀ lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó tẹ̀ lé Jẹ́jẹ́ délé ní ọ̀sán, ó fetí sí ohùn náà, ó mi orí bíi dókítà tó rí ìwé àyẹ̀wò.

"Ẹ fọwọ́ kan okùn gìtá," ó ní.

Jẹ́jẹ́ fọwọ́ kàn án. Ohùn tó ń kùn náà lọ sílẹ̀.

"Ẹ gbọ́wọ́ kúrò."

Ó gbọ́wọ́ kúrò. Hùùùùù.

"Ẹ ò rí nǹkan!" Mo-mọ̀-ọ́n pàtẹ́wọ́. "Iná yẹn ń wá ọ̀nà gba ilẹ̀ lọ ni. Ara yín ló ń gbà kọjá. Àmọ́ ara yín nìkan ò tó o. Ẹ lọ gbé omi sínú báàfù, kẹ́ ẹ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́."

Ìyàwó Jẹ́jẹ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n fi ọfà ta. "Ẹni tó bá gbé omi sún mọ́ iná nílé yìí, wọ́ọ̀dù tèmi náà ni wọ́n á gbé e wá. Èmi náà ni màá sì gún un lábẹ́rẹ́."

Wọ́n pa ti omi tì. Mo-mọ̀-ọ́n ronú, ó wo irin ojú fèrèsé, ó wo Jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ sì là. Bí ìyá ìyàwó Jẹ́jẹ́ ṣe ń kọjá lọ, tó yọjú wo yàrá, ó rí ọkọ ọmọ rẹ̀ tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìwọ bàtà, gìtá wà lórí itan rẹ̀, Mo-mọ̀-ọ́n sì dojú bolẹ̀ gbalaja, ó fọwọ́ kan di kókósẹ̀ Jẹ́jẹ́ mú, ó na ọwọ́ kejì tantan, ó fi di irin fèrèsé mú.

Ìyá àgbà dúró pẹ́ díẹ̀. "Ta ló fẹ́ sá lọ nínú yín?" ó béèrè.

Ká sọ tòótọ́, ohùn náà dín kù díẹ̀. Jẹ́jẹ́ ti ta orin náà dé àárín nígbà tí eruku abẹ́ ibùsùn wọ imú Mo-mọ̀-ọ́n. Ó sín, ó jọ̀wọ́ kókósẹ̀, ó jọ̀wọ́ irin fèrèsé, ohun tó ń kùn náà sì bú padà sínú orin bí ẹni tó lọ gba ìsinmi. Mo-mọ̀-ọ́n dìde, ó gbọn ara rẹ̀ nù. Ó ní ó dá òun lójú pé gìtá ni kò dáa, ó sì rántí pé ẹnì kan ń dúró de òun nínú mọ́tò.

Ọjọ́ Sọ́ńdè mọ́, Jẹ́jẹ́ ò lè jẹun. Ó ń rò ó pé àbúrò òun á wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́la láìgbọ́ nǹkan kan, torí pé òun fẹnu ṣakin. Ó jókòó sí yàrá pẹ̀lú íapíìsì létí, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń gbọ́ hùùùùù.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ wọlé. Fóònù ìyá ti kú láti àná, nítorí pé Jẹ́jẹ́ ti kìlọ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má fi nǹkan kan sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì wà tí wọ́n jọ máa ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè, ó sì ti rẹ ìyá láti máa dákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó rí i pé ṣájà kọ̀ǹpútà nìkan ló wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ilé, ó bẹ̀rẹ̀, ó fà á yọ.

Ohùn náà dákẹ́ wáí.

Jẹ́jẹ́ fò sókè. "Màmá! Kí lẹ ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan o," ìyá ní, ó ti ń fi ṣájà pamọ́ sẹ́yìn. "Fóònù mi ló kú."

"Ẹ dá a padà sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì."

Ó dá a padà. Hùùùùù.

"Ẹ yọ ọ́."

Ó yọ ọ́. Ilé tòrò bí omi àná.

"Ẹ dá a padà! Ẹ yọ ọ́! Ẹ dá a padà! Ẹ yọ ọ́!"

"Ẹ ní sùúrù, àna mi, ìbàdí ń dùn mí."

Jẹ́jẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú rẹ̀ tòun ti gìtá lọ́rùn. Gbogbo ìgbà tó ń lé fíríìjì àti aago ara ògiri kiri, ṣájà kọ̀ǹpútà tó wà ní tòsí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń da ariwo iná gba inú wáyà wọ gìtá. Kò ronú kàn án, nítorí pé èèyàn kì í fura sẹ́ni tó ń bọ́ ọ.

"Ẹ dìde," ìyá ní. "Ṣé kí n wá fi fóònù mi síbẹ̀, àbí kí n má fi í?"

Àmọ́ ìṣòro míì ṣẹ́kù. Bátìrì kọ̀ǹpútà náà ti darúgbó. Bí wọ́n bá ti yọ ṣájà, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló kù fún un láyé, kó tó tún kún sì di wákàtí kan ààbọ̀. Orin náà gba ìṣẹ́jú márùn-ún ó dín díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn lè ta á lórí bátìrì kan.

Wọ́n dúró kí bátìrì kún. Wọ́n yọ ṣájà. Jẹ́jẹ́ ta gìtá, ọwọ́ rẹ̀ lọ geerege, kò ṣi ibì kankan. Bó ṣe parí, ó fẹ̀yìn ti àga, ó mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ pa ikùn gìtá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń na ìka jẹ́jẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi orin pamọ́, nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Orin náà bá a lọ.

Ìyàwó rẹ̀ tó ń wò ó lẹ́nu ọ̀nà ò bú u. Ó wọlé, ó fi ṣájà sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fa àga kan wá. "Tó bá tún dìgbà yẹn," ó ní, "ẹ̀yin ẹ ta gìtá. Èmi ni màá tẹ nǹkan."

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀ nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì dúró ti kọ̀ǹpútà, ó di aago ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó ń ka ìlù ọkàn aláìsàn. Jẹ́jẹ́ dijú. Ohùn àbúrò rẹ̀ ń dún nínú íapíìsì, ó mọ́ gaara. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ọjọ́bọ̀, kò gbọ́ nǹkan míì yàtọ̀ sí i. Ó gbọ́ ibi tó ti ń fa èémí kó tó gun ohùn òkè, bó ṣe máa ń fà á láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó wá sí Jẹ́jẹ́ lọ́kàn pé òun lè má gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Ìka rẹ̀ yẹ̀, ó tẹ okùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Bó ṣe ń ronú bóyá kóun dáwọ́ dúró ni ìyá ìyàwó rẹ̀ sín ní pálọ̀. Ó sín bí ìgbà tí ilé wó.

"Ẹ máa lọ!" ìyàwó rẹ̀ pariwo. "Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù!"

Ó ń ta á lọ. Okùn ìkẹyìn ò tíì dákẹ́ tán tí ìyàwó rẹ̀ ti tẹ ibi ìpamọ́, ó tún un tẹ̀ nígbà kejì kó lè dá a lójú. Wọ́n wá dá ṣájà padà, wọ́n jọ fetí sí i. Gìtá dún kedere. Kò sí hùùù. Ibi tí ìka ti yẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ wọn ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sín, wọn ò sì gbọ́ "ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù."

Ìyàwó rẹ̀ yọ íapíìsì. "Dádì, ṣé àpótí yìí kì í gbọ́ nǹkan míì yàtọ̀ sí gìtá ni?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ mẹ́rin tá a ti ń fi ọmọ-ìka-ẹsẹ̀ rìn nílé yìí? Tí mò ń lọ wúkọ́ sí ojú títì?"

Jẹ́jẹ́ gbójú sókè, ó ń wo àjà bí ẹni tó fẹ́ mọ ẹni tó kùn ún. "Ẹ jẹ́ ká tètè fi ránṣẹ́," ó ní.

Kò pé wákàtí kan tí àbúrò rẹ̀ fi pè. Jẹ́jẹ́ ń gbọ́ bó ṣe ń fa imú.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣi ibì kan tẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ kejì."

"Mo mọ̀. Bátìrì ni ò jẹ́ kí n lè tún un ṣe."

"Ẹ má tún un ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti rẹ́rìn-ín. Látàárọ̀ ni mo ti ń wá ohun tí màá fi rẹ́rìn-ín."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní Mọ́ńdè, ó yọrí sí rere. Dókítà ní kó má sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Lẹ́tà orí fóònù lòun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọ síra wọn, Jẹ́jẹ́ a sì máa kọ tirẹ̀ bó ṣe ń gẹrun: ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ìdajì wákàtí.

Lọ́jọ́ kan tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ti kọjá, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, ó ń gẹrun fún ọkùnrin kan nígbà tí fóònù dún. Kò wo ẹni tó ń pè, ó kàn fi èjìká gbá a mọ́ etí.

"Ẹ káàárọ̀ o," ohùn kan wí. Ó nípọn, ó sì há díẹ̀, bíi ti àgbà ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Ẹ káàárọ̀, sà," Jẹ́jẹ́ dáhùn. "A ti ṣí o. Àmọ́ ẹni mẹ́ta ló wà níwájú yín."

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀, ó ń gòkè, ó ń já wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, irú èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lé ọmọbìnrin kan jáde ní kíláàsì lẹ́ẹ̀mejì nígbà kan rí. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láyé àfi ẹnì kan ṣoṣo. Jẹ́jẹ́ pa kílípà, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn tó ń dúró.

"Ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Bọ̀ọ̀dá. Dókítà ní ó lè fúyẹ́ sí i, ó sì lè má fúyẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ń bẹ̀rù mi. Kí n kan ní ẹ káàárọ̀ lásán, wọ́n á ti fọwọ́ lẹ́nu. Ẹ gbọ́."

Ó kọ ìlà àkọ́kọ́ nínú orin wọn fún un. Ó kọ ọ́ nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí kò dé rí, ó ń rọra tẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ń wọ bàtà tuntun. Jẹ́jẹ́ gbé fóònù kúrò létí, ó nà án síwájú kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lè gbọ́.

"Háà," ọkùnrin orí àga ní, pẹ̀lú ìdajì irun lórí. "Ohùn bàbá yẹn dùn o. Ta ni wọ́n?"

"Àbúrò mi obìnrin ni," Jẹ́jẹ́ dáhùn, ó sì ń fi aṣọ ìnurun nu ojú.